Àga Ó-Ku-Díẹ̀

Ọ̀rọ̀ àga yẹn lẹ gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gbọ́. Lọ́jọ́ tí wọ́n sọ Ó-Ku-Díẹ̀ di ọ̀gá níbi tí wọ́n ti ń kọ́ àwọn tí rọpárọsẹ̀ mú ní ìrìn, lọ́sibítù ìjọba, wọ́n fún un ní ọ́fíìsì, wọ́n fún un ní àga tìmùtìmù tó ń yí bírí. Ilẹ̀ ọjọ́ kejì ò tíì mọ́ tán tó ti ti àga náà síta. Ó gbé e sínú ọ̀dẹ̀dẹ̀ gígùn, lẹ́gbẹ̀ẹ́ fèrèsé kejì, níbi tí oòrùn àárọ̀ máa ń gbà wọlé bí ẹni da epo sílẹ̀. Ó ní ẹni tó bá fẹsẹ̀ ara ẹ̀ rìn débẹ̀ ló ni ín.

Ọ̀gá pátápátá ọsibítù ń kọjá, ló bá bá gbẹ́nàgbẹ́nà kan tí apá òsì ẹ̀ ti rọ nínú àga, tó dijú, tó ń yí, tó ń rẹ́rìn-ín bí ọmọ ẹ̀yìn ìyá.

"Bàbá, ta ló ní kẹ́ ẹ jókòó síbẹ̀?"

"Mo rìn débí ni, sà. Ẹ̀yin ńkọ́? Ṣé ẹ rìn dé orí tiyín ni, àbí wọ́n gbé yín sí i?"

Ọ̀gá pátápátá bá tiẹ̀ lọ. Kò sẹ́ni tí ò mọ àna ẹ̀ tó gbé e dórí àga.

Orúkọ Ó-Ku-Díẹ̀ yẹn, ẹnu ẹ̀ ló fi gbà á. Èèyàn á ṣẹ̀ṣẹ̀ gbé ẹsẹ̀ kan, ọ̀nà ṣì jìn bí ọ̀run, á ní, "Ó ku díẹ̀." Irọ́ ni. Àmọ́ irọ́ ẹ̀ yẹn gbé èèyàn dìde ju òótọ́ àwọn dókítà lọ.

Ó tún ní àrékérekè. Láràárọ̀, káwọn aláìsàn tó dé, á fi orúnkún ti àga náà jìnnà sí i ní táìlì kan. Wọn ò ní í fura. Wọ́n á ṣáà máa wọ́ lọ nínú oòrùn yẹn, wọ́ọ́rọ́, wọ́ọ́rọ́, bí ẹni ń rìn lójú àlá. Ṣùgbọ́n ta ló ń fi ìwọ̀n tan gbẹ́nàgbẹ́nà jẹ?

"Ọ̀gá, táìlì mẹ́tàlá la rìn lánàá. Mẹ́rìnlá rèé."

"Ilé ló ń gùn sí i, bàbá."

"Ogójì ọdún ni mo fi ń kan òrùlé. Mi ò rí ilé tó ń dàgbà rí."

"Ẹ kì í dúró wò ó ni."

Nǹkan kan wà tó ń ṣe tí ò dáa, ẹ jẹ́ n sọ ọ́. Lọ́dọọdún ni lẹ́tà ń bọ̀ pé kó wá ṣe olórí gbogbo oníṣẹ́ bíi tiẹ̀ lókè pẹ̀tẹ́ẹ̀sì. Á ká lẹ́tà náà sí mẹ́rin, á tẹ́ ẹ sábẹ́ ẹsẹ̀ bẹ́ẹ̀dì kan tó ń mì. Nígbà tó máa fi di ọdún keje, bẹ́ẹ̀dì ọ̀hún ti gba ìgbéga ju òun lọ.

Gbogbo èèyàn rẹ́rìn-ín, àfi obìnrin tó jẹ́ igbákejì ẹ̀. Àkàbà niṣẹ́ ìjọba: tẹ́ni iwájú ò bá gbẹ́sẹ̀, ẹni ẹ̀yìn ò lè gùn. Ọwọ́ obìnrin yẹn já fáfá, ọdún méje ló sì fi dúró lójú kan. Ó yọ́ lọ wáṣẹ́ síbòmíì. Wọ́n gbà á, wọ́n ní kó wá fọwọ́ síwèé kóṣù tó parí.

Ìyàwó Ó-Ku-Díẹ̀ ló gbọ́. Bí ọkọ ẹ̀ ṣe ń wọ bàtà láàárọ̀ ló bẹ̀rẹ̀.

"Bàbá, gbogbo ayé lẹ̀ ń kọ́ ní ìrìn, ẹ̀yin nìkan lẹ dúró. Ẹ tún wá lọ dúró sórí ẹsẹ̀ ọmọ ọlọ́mọ."

"Tí n bá lọ sókè, ta ni á máa ti àga?"

"Ta lẹ wá ń kọ́ níṣẹ́ látọdún méje? Ológbò?"

Ó jáde. Bàtà tó wọ̀ lọ, ọ̀tún dúdú, òsì pupa.

Kò ká lẹ́tà ọdún yẹn sí mẹ́rin, ó fèsì sí i. Lọ́jọ́ intafíù, ó dé ìsàlẹ̀ àtẹ̀gùn, ẹsẹ̀ ẹ̀ ò gbé e. Àwọn aláìsàn ẹ̀ tọ̀pátọ̀pá bá tú síta. "Ẹ gbé ọ̀tún, ọ̀gá! Ó ku díẹ̀!" Ó dókè, wọ́n bi í pé kí ló fẹ́ fi ipò náà ṣe.

"Mo fẹ́ kúrò lójú ọ̀nà ni."

Wọ́n ní irú ìdáhùn bẹ́ẹ̀ ò sí nínú ìwé àwọn. Wọ́n fún un. Igbákejì ẹ̀ fa ìwé ibòmíì ya, ó di ọ̀gá ìsàlẹ̀, òun ló wá ń ti àga láràárọ̀.

Lókè, á bọ́ bàtà, á gbé àtẹ́lẹsẹ̀ lélẹ̀, á dijú, á máa gbọ́ ìrìn wọn nísàlẹ̀ bí ẹni ń gbọ́ òjò. Tẹ́nìkan bá ń wọ́sẹ̀, á fi gìgísẹ̀ gbá ilẹ̀, gbì! gbì! Gbogbo wọn á jọ pariwo, "A ti gbọ́, sà!"

Ọdún mẹ́ta ló lò lókè. Ó sùn nílé lọ́jọ́ kan, kò jí mọ́.

Láàárọ̀ ọjọ́ kejì ìsìnkú, obìnrin tó jẹ́ igbákejì ẹ̀ ò ti àga. Ó kàn gbọ́wọ́ lé ẹ̀yìn ẹ̀, ó ń wo oòrùn. Gbẹ́nàgbẹ́nà yẹn náà ti padà wá láti ọ̀sẹ̀ mélòó kan, orúnkún ló gbé e wá lọ́tẹ̀ yìí. Ó rìn, ó ń kà, ó dé ibi àga, kò jókòó.

"Mẹ́rìndínlógún la rìn kẹ́yìn. Mẹ́rìndínlógún náà rèé. Ọmọ mi, ṣé ilé ò gùn sí i mọ́ ni?"

Obìnrin náà fẹ́ rẹ́rìn-ín, omijé ló jáde. Ni bàbá bá fi ọ̀pá gbéra ró, ó fi orúnkún tó ń dùn ún ti àga náà jìnnà sí i ní táìlì kan. Ó wá yí padà, wọ́ọ́rọ́, wọ́ọ́rọ́, ó lọ síbi tí wọ́n ti máa ń bẹ̀rẹ̀.

Obìnrin náà nu ojú, ó lọ dúró lẹ́yìn àga.

"Ẹ máa bọ̀, bàbá," ló wí. "Ó ku díẹ̀."