Pẹ̀lẹ́, Ọlọ́kadà Inú Géèmù

Bí òórùn epo jẹnẹrétọ̀ bá ti ta sí mi nímú, ọ̀sán kan nílé wa ní New Haven, ní Enugu, ló máa ń sọ sí mi lọ́kàn. Mò ń gbá géèmù alùpùpù. Alùpùpù náà fò kọjá òkè, ó rọra ń já bọ̀ bí ìyẹ́ adìyẹ, orí ẹni tó gùn ún sì rì wọnú ilẹ̀ dé èjìká. Mo bú sẹ́rìn-ín.

"Pẹ̀lẹ́ o," ni bàbá mi wí fún ọkùnrin inú tẹlifíṣọ̀n.

"Dádì, kò dùn ún o."

Ọkùnrin náà fa orí yọ, ó tún gun alùpùpù rẹ̀.

"O káre, ọkùnrin!" Bàbá mi ń fi ọ̀pá tó fi ń rìn lu ilẹ̀.

Mo ti dàgbà kí n tó mọ̀ pé orí alùpùpù ló ti ṣubú tó fi ń tiro.

"Tún gbé e ṣubú," ló wí, "jẹ́ n rí bó ṣe máa dìde."