Òrìṣà Kì í Wọ Bàtà

Ọkùnrin tó ni ilé ìpàtẹ ọnà yẹn kò fọwọ́ kan irin ìgbẹ́gi rí láyé rẹ̀, síbẹ̀ òun ló fẹ́ sọ fún mi ohun tí ère mi jẹ́. Irú rẹ̀ pọ̀ ní Atlanta: aṣọ dúdú látòkè délẹ̀, jígí ojú ràgàjì, ohùn jẹ́jẹ́ bíi ti ẹni tó wá kí aláìsàn. Tí wọ́n bá dúró síwájú igi, wọ́n á tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́ kan, wọ́n á mí kanlẹ̀, lẹ́yìn náà ni irọ́ á bẹ̀rẹ̀.

Iṣẹ́ ère gbígbẹ́ ni mò ń kọ́ àwọn ọmọ ní yunifásítì kan níbí. Lọ́dọ̀ tiwa, kò tó kéèyàn mọ iṣẹ́, kò sì tó kó mọ̀ ọ́n kọ́ ẹlòmíràn. Àfi kó máa pàtẹ ọnà rẹ̀ kiri kí wọ́n tó lè gbé oyè rẹ̀ ga. Mo pàtẹ kiri náà. Mo pàtẹ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé ìkàwé kan, níbi tí àwọn akẹ́kọ̀ọ́ ti ń gbé ife kọfí lé ère mi lórí. Mo pàtẹ sí ìlú kan tí wọ́n gbé iṣẹ́ ọdún méjì sí ẹnu ọ̀nà tọ́ílẹ́ẹ̀tì. Inú mi dùn pé àwọn èèyàn ń dúró wò ó, kí n tó rí i pé ẹni tó wà nínú lọ́hùn-ún ni wọ́n ń dúró dè. Ọ̀gá ẹ̀ka wa kò ka èyíkéyìí nínú wọn sí. Ọkùnrin náà, láti ìgbà tí mo ti mọ̀ ọ́n, kò pàtẹ ohunkóhun bí kò ṣe ikùn rẹ̀.

Lọ́dún tí ìjì wó igi ńlá kan lẹ́yìn ilé mi, mo gé ìtì rẹ̀, mo kó o lọ sí ṣọ́ọ̀bù tí mo háyà ní Tucker, lẹ́yìn ibi tí wọ́n ti ń pààrọ̀ táyà. Mo ti mọ ohun tí mo fẹ́ fi í gbẹ́. Aunty kan wà ní ṣọ́ọ̀ṣì wa tó ń gbé ní Redan, nọ́ọ̀sì ni. Tó bá ṣe ṣíìfù alẹ́ mọ́jú Sunday, tààrà láti ọsibítù ló máa ń bọ̀. Pásítọ̀ ò ní tíì ka ẹsẹ Bíbélì tán tí Aunty á ti bọ́ bàtà, tí á fi orí ti ògiri, tí ẹnu á là sílẹ̀. Òun nìkan kọ́, ìlà ẹ̀yìn kún fún wọn. Oorun wọn kì í ṣe oorun ọ̀lẹ. Oorun ẹni tó ti fi gbogbo òru gbé èèyàn dìde, tó sì tún gbé wọn dùbúlẹ̀ ni.

Mo bi í bóyá mo lè gbẹ́ ẹ.

"Ṣé wàá gbẹ́ mi ní tẹ́ẹ́rẹ́?"

"Rárá, Aunty. Bí ẹ ṣe rí gan-an ni."

Ó rẹ́rìn-ín títí. "Ó dáa, máa gbẹ́ mi. Ṣùgbọ́n bá mi pa ẹnu dé o."

Obìnrin márùn-ún ni mo gbẹ́, gbogbo wọn jókòó, gbogbo wọn ń sùn. Mo gbẹ́ bàtà wọn lọ́tọ̀, àwọn bàtà rọ́bà tí nọ́ọ̀sì ń wọ̀ ṣiṣẹ́, tí gìgísẹ̀ wọn ti jẹ sí apá kan, mo sì tò wọ́n síwájú ẹsẹ̀. Mo pẹ́ lórí bàtà ju bí mo ṣe pẹ́ lórí ojú lọ. Mi ò ní tijú láti sọ ọ́: iṣẹ́ náà dára.

Ọ̀gá ẹ̀ka wa ló mú onílé ìpàtẹ wá wò ó. Ó tẹ orí sí ẹ̀gbẹ́, ó mí kanlẹ̀.

"Àwọn òrìṣà," ó ní.

"Nọ́ọ̀sì ni wọ́n," mo ní.

"Bẹ́ẹ̀ ni. Òrìṣà ìwòsàn."

"Ṣọ́ọ̀ṣì kan náà la jọ ń lọ."

Ó rẹ́rìn-ín músẹ́ sí mi bí ẹni pé ọmọ ọwọ́ ló sọ̀rọ̀, ó yíjú sí ọ̀gá mi, àwọn méjèèjì sì jọ mú ọjọ́ ìpàtẹ.

Nígbà tí mo wọlé ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ náà, mo rò pé mo ṣìlé ni. Iná aláwọ̀ búlúù ni wọ́n tàn. Wọ́n da yanrìn yí àwọn obìnrin mi ká, wọ́n fọ́n owó ẹyọ sí i. Wọ́n kọ ọ́ gàdàgbà sára ògiri pé Ìyá Olómi ni wọ́n. Mo wo ẹsẹ̀ wọn. Bàtà kankan ò sí níbẹ̀.

"Bàtà wọn dà?"

"A kó o kúrò," onílé náà dá mi lóhùn. "Ó ń bà á jẹ́. Òrìṣà kì í wọ bàtà."

"Ta ló sọ fún ọ?"

Ẹnìkan tó mú ife wáìnì dání ti pè é lọ.

Yàrá ẹ̀yìn ni mo ti rí wọn, lábẹ́ síńkì, lẹ́gbẹ̀ẹ́ bákẹ́ẹ̀tì ìnulẹ̀. Bí mo ṣe ń kó wọn mọ́ra ni mo gbọ́ ohùn Aunty láti iwájú.

"Ta ló da yanrìn sí mi lẹ́sẹ̀?"

Aṣọ ọjọ́ ìdúpẹ́ ló wọ̀. Ọmọ rẹ̀ obìnrin, tí wọ́n bí síbí, dúró tì í. Onílé ìpàtẹ sáré lọ bá a, ó bẹ̀rẹ̀ sí í ṣàlàyé òrìṣà Yorùbá fún un, ó ń pe orúkọ wọn bí ẹni tí iṣu gbígbóná wà lẹ́nu rẹ̀. Òyìnbó dán lẹ́nu Aunty, òun ló fi ń bá àwọn dókítà fa ọ̀rọ̀; ṣùgbọ́n tí inú bá bí i, Yorùbá nìkan ló máa ń kù.

"Díákónẹ́ẹ̀sì ni mí! Ẹ̀jẹ̀ Jésù! Ẹ kó ẹyọ yìí kúrò níwájú mi!"

"Mummy, ẹ jọ̀ọ́," ọmọ rẹ̀ ní, "everybody ń wò wá."

"Kí wọ́n wò mí! Ṣebí torí kí wọ́n lè wò mí ni wọ́n ṣe gbé mi síbí?"

Mo kúnlẹ̀ sínú yanrìn, mo bẹ̀rẹ̀ sí í to bàtà padà síwájú olúkúlùkù. Aunty ń fi ẹsẹ̀ gbá owó ẹyọ dànù lẹ́gbẹ̀ẹ́ mi. Ló bá di pé àwọn tó wá wo ọnà ń pàtẹ́wọ́. Wọ́n rò pé eré ni a ṣètò! Obìnrin kan tiẹ̀ ń nu omijé. Onílé náà gbé ọwọ́ lé àyà láàárín wọn, ó ń gba ìyìn. Mo dìde, mo sọ fún wọn pé eré kọ́, pé nọ́ọ̀sì ni gbogbo ère yìí, pé Aunty yìí ni ìkejì láti apá òsì. Wọ́n tún pàtẹ́wọ́. Mo wo ojú wọn yíká. Ewúrẹ́ tó bá ṣèèṣì yà wọ ṣọ́ọ̀bù aláṣọ máa ń wò bẹ́ẹ̀, ṣùgbọ́n ewúrẹ́ kì í pàtẹ́wọ́.

Aunty fà mí lọ́wọ́. "Jẹ́ ká máa lọ. Orí wọn ò pé."

Ọ̀sẹ̀ náà ò parí tí onílé ìpàtẹ fi dá àwọn ère padà. Ó ní mi ò mọ bí a ṣe ń bá èèyàn ṣiṣẹ́ pọ̀. Etí ọ̀kan ti ṣẹ́.

Mo tò wọ́n sí ṣọ́ọ̀bù mi ní Tucker, mo ṣí ilẹ̀kùn sílẹ̀ lẹ́yìn ìsìn Sunday. Àwọn obìnrin ṣọ́ọ̀ṣì wá, wọ́n ń jiyàn lórí èwo ló jẹ́ ta. Aunty dúró pẹ́ níwájú tirẹ̀.

"O ò pa ẹnu mi dé."

"Mi ò pa á dé, mà."

"Hmm." Ó fọwọ́ pa orúnkún igi náà. "Orúnkún yìí ló ń dùn mí. Báwo lo ṣe mọ̀?"

Ọ̀gá ẹ̀ka wa ní ṣọ́ọ̀bù ẹ̀yìn táyà kì í ṣe ibi ìpàtẹ. Oyè tí mò ń retí bọ́ sọ́wọ́ ẹlòmíràn, ẹnìkan tó ń fi páìpù onírọ́bà ṣe ohun tí òun náà ò lè ṣàlàyé. Mi ò bẹ̀bẹ̀. Mo ṣì ń kọ́ àwọn ọmọ, tí ọ̀gá náà bá sì ń sọ̀rọ̀ nípàdé, fèrèsé ni mo máa ń wò.

Lára àwọn tó wá lọ́jọ́ Sunday yẹn ni abilékọ kan láti Union City, nọ́ọ̀sì lòun náà. Ó ní kí n jẹ́ kí òun gbé ọ̀kan lọ sílé, ọ̀kan tí etí rẹ̀ ṣẹ́. Mo bi í pé níbo ló fẹ́ gbé e sí.

"Pálọ̀," ó ní, "ní ọ̀kánkán àga ọkọ mi. Kó máa rí bí mo ṣe ń padà wálé."

Ọkùnrin mẹ́rin ló bá wa gbé e sínú ọkọ̀. Ọkọ rẹ̀ wà lára wọn.