Ìwé Ọ̀pẹ Tí Kì Í Jáde Nílé

Òórùn ilé ìkàwé yẹn kò tíì kúrò nímú mi: òórùn bébà tó ti pẹ́, àti ti ilẹ̀ onígi tí wọ́n fi òróró pa. Òmìnira wa ṣì tuntun nígbà náà, mo sì ń gbé epo pupa láti Ìfànyìn, ní ìhà Faransé, lọ tà ní Nàìjíríà. Nítorí pé mo mọ ọ̀nà ni àbúrò ọkọ mi ṣe ní kí n mú òun dé yunifásítì kan lọ́hùn-ún. Ìyàwó ilé kì í pe orúkọ àbúrò ọkọ, ẹ ṣáà mọ̀. Akọ̀wé ni mò ń pè é.

Dàkáà ló ti ń kàwé. Iṣẹ́ tó ń kọ láti fi gba oyè dá lórí ọ̀pẹ wa ní Lagbé, lẹ́bàá Ìfànyìn, tí imọ̀ rẹ̀ ń pọ́n tó sì ń gbẹ. Ọ̀gá rẹ̀ ní ẹnìkan ti kọ̀wé lórí àrùn náà ní Nàìjíríà. Bí Akọ̀wé kò bá kà á, òun kò ní gba iṣẹ́ rẹ̀. Ó wá ìwé náà ní Dàkáà títí, kò rí i. Ọ̀pẹ ẹ̀yìnkùlé wa mà ni o!

Bí a ti wọ ilé ìkàwé yunifásítì náà, mo rí àwọn èèyàn tó tẹrí sórí ìwé. Nílé tiwa, ẹni tó bá kọjá lára òṣìṣẹ́ tí kò kí i, wọn ò kọ́ ọ nílé ni. Mo kúnlẹ̀, mo ké: "Ẹ kú iṣẹ́ o! Ẹ kú làákàyè!" Gbogbo orí ló sọ sókè.

"Ìyàwó, o pa mí!" Akọ̀wé ti fọwọ́ bojú.

Obìnrin tó ń tọ́jú ìwé rọra rìn wá. "Wọ́n ti gbọ́, àǹtí. Níbí, orí la fi ń kí wọn." Mo mi orí. Àwọn kan mi tiwọn padà.

Ó bá wa rí ìwé náà, àmọ́ èdè Gẹ̀ẹ́sì ni wọ́n fi kọ ọ́, nínú èdè òyìnbó, Faransé nìkan sì ni Akọ̀wé gbọ́. Ojú rẹ̀ rọ.

Obìnrin náà ní, "Ìwé yìí kì í jáde nílé. Ṣùgbọ́n ẹnu mi lè gbé e fún yín."

Ó mú wa wọ yàrá rẹ̀, ó ti ilẹ̀kùn. Ó ń ka Gẹ̀ẹ́sì, ó ń sọ ọ́ ní Yorùbá, Akọ̀wé sì ń fi Faransé kọ ọ́ sílẹ̀, ó ń wí pé: "Bọ̀n, ó dáa, ẹ máa bọ̀." Nígbà tó dé ibi tí imọ̀ ìsàlẹ̀ ti ń kọ́kọ́ pọ́n, n kò lè mú un mọ́ra.

"Háà! Ta ló mú ẹni tó kọ ìwé yìí dé oko wa?"

"Bóyá ọ̀pẹ yín ló rìn wá bá a," ni obìnrin náà fi dá mi lóhùn, a bú sẹ́rìn-ín. Oúnjẹ ọ̀sán rẹ̀ tutù sórí tábìlì. Oòrùn wọ̀, kò lé wa.

Wọ́n gba iṣẹ́ Akọ̀wé. Nígbà tí wọ́n tẹ̀ ẹ́, ó fún mi ní ọ̀kan. Mo fi aṣọ wé e dáadáa kí epo má bàa kàn án, mo gbé e lọ fún obìnrin náà. Ó fi í sẹ́gbẹ̀ẹ́ ti Gẹ̀ẹ́sì lórí pákó tí wọ́n ń to ìwé sí, wọ́n fara kanra. Láti ìgbà náà, bí wọ́n bá yin ọ̀mọ̀wé kan fún mi, mo máa ń béèrè ta ló ń bù fún nínú ìmọ̀ rẹ̀. Èmi tí n kò mọ̀ ọ́n kà ti rí ẹni tó bù ú.

Àwọn èèyàn ń kàwé lọ́wọ́ lọ́jọ́ tí mo gbé ìwé náà dé. N kò ké. Mo fi orí kí àwọn ìwé méjèèjì, mo sì gbé agbọ̀n ọjà mi, mo jáde.