Bí A Ṣe Yanjú Ọ̀rọ̀ Palẹsítínì ní Àkrà

Mo ń fi áyọ́ọ̀nù eléèdú lọ búláòsì tí n ó wọ̀ nígbà tí awakọ̀ fọn fèrè níwájú ilé wa n'Íbàdàn. Ilẹ̀ ò tíì mọ́. Ohun kan ṣoṣo ló ń gbé mi lọ sí Àkrà: Làmídì, ọmọ ẹ̀gbọ́n mi ọkùnrin tó ti dolóògbé, kò rí ibi sùn. Nígbà tó lọ ra ọjà ní Kùmásí ni Jémíìsì, tí ìyàwó mìíràn bí fún bàbá wọn, pààrọ̀ àgádágodo ilé tí bàbá náà fi sílẹ̀ fún wọn ní Àkrà. Jémíìsì ní bí òun bá ṣílẹ̀kùn, Làmídì á lé òun jáde.

A gba Ìdí Ìrókò wọ ilẹ̀ àwọn tó ń sọ Faransé, níbi tí búrẹ́dì ti gùn bí ọ̀pá tí kò sì ní ṣúgà rárá. Ọkọ̀ ojú omi gbé mọ́tò wa kọjá odò Fólítà. Ọ̀nà Gánà dára ju tiwa lọ, àwọn ará Gánà kì í sì í jẹ́ ká gbàgbé. Ní Àkrà, mo wọ ọkọ̀ tí wọ́n ń pè ní tòrò-tòrò, nítorí pé tọ́rọ́ ni owó rẹ̀. Kẹ́ńkè ni mo jẹ: ẹ̀kọ ni, àmọ́ ó le, ó sì kan. Aláta ni wọ́n ń pe gbogbo Yorùbá níbẹ̀. Èmi ò ta ata rí.

Lẹ́yìn káńtà ṣọ́ọ̀bù ọ̀rẹ́ Làmídì ni mo ti bá ẹní rẹ̀.

Lọ́jọ́ Àìkú, àwọn àgbà Yorùbá pé jọ sí ọ̀dẹ̀dẹ̀ ilé tí Jémíìsì tì láti parí ìjà. Rédíò ń sọ̀rọ̀ bóyá àwọn Júù Ísírẹ́lì àti àwọn Árábù Palẹsítínì lè bára wọn rẹ́. Àwọn àgbà ní ká kọ́kọ́ yanjú ìyẹn. Bàbá Súlè, oníṣòwò aṣọ tó jẹ́ alága, ní kò le: kí ẹni tí wọ́n lé padà sílé, kí ẹni tó wà níbẹ̀ má bẹ̀rù pé wọn ó lé òun náà. Gbogbo wa gbà. Jémíìsì gan-an ń mi orí pé bẹ́ẹ̀ ni, àgádágodo rẹ̀ wà lára ilẹ̀kùn lẹ́yìn rẹ̀.

Bàbá Súlè ní, "Ó ku ẹni tí yóò kọ́kọ́ dọ̀bálẹ̀."

Lọ́dọ̀ tiwa, àbúrò ló ń kọ́kọ́ bẹ ẹ̀gbọ́n. Àwọn Mùsùlùmí ní Ísímáílà, bàbá àwọn Árábù, ni wọ́n kọ́kọ́ bí, kí Júù dọ̀bálẹ̀. Pa Jọ́ọ̀nù, tó ń gbégbá ọrẹ ní ṣọ́ọ̀ṣì, ní ìyá Ísáákì, bàbá àwọn Júù, ni ìyálé, ọmọ ìyálé sì ni àgbà, kí Árábù dọ̀bálẹ̀. Kò sẹ́ni tó tíì rí Júù tàbí Árábù tó dọ̀bálẹ̀ rí, ṣùgbọ́n ìyẹn ò dí wọn lọ́wọ́.

Mo ní ọ̀rọ̀ ilé yìí ńkọ́. Bàbá Súlè ní bákan náà ni: Làmídì ni wọ́n kọ́kọ́ bí, ìyá Jémíìsì ni ìyálé.

"Ẹ ṣe sùúrù, ìyá. A ò lè ṣílẹ̀kùn ká tó mọ àgbà."

Oòrùn wọ̀, wọ́n sún un di Àìkú tó ń bọ̀. Nígbà tó pé, wọ́n tún sún un. Ìsinmi tí mo gbà níbi iṣẹ́ tán.

Làmídì gbé àpò mi dé ibùdókọ̀. Mo sọ ohun tí àwọn àgbà ní kí n sọ fún un: ìrètí wà, díẹ̀ ló kù. Ó ti àpò náà sábẹ́ ìjókòó mi.

"Àǹtí," ó ní, "títí wọn ó fi mọ ẹni tó jẹ́ ẹ̀gbọ́n, níbo ni kí n máa sùn?"