Kẹ̀kẹ́ Bàbá Mi àti Ọ̀kadà Mùfútáù

Nígbà tí mo wà ní kékeré, tí orí mi kò tíì ga ju ìjókòó kẹ̀kẹ́ bàbá mi lọ, títì ọlọ́dà kò tíì dé ọ̀dọ̀ wa. Ẹ̀yin ẹgbẹ́ mi tí ẹ dàgbà sí agbègbè Ajah yóò rántí. Ní Addo tí wọ́n bí mi sí, iyanrìn funfun ni gbogbo ilẹ̀, ó sì jìn débi pé bí èèyàn bá gun kẹ̀kẹ́ wọ inú rẹ̀, ńṣe ni táyà yóò rì, tí ẹni tó gùn ún yóò sì dojú bolẹ̀. Ọ̀nà tó dára jù fún kẹ̀kẹ́ nígbà náà ni etí òkun gan-an, níbi tí omi ti fi iyanrìn sílẹ̀ ní tútù, tó le bíi sìmẹ́ńtì. Bí òkun bá fà sẹ́yìn, ọ̀nà là nìyẹn. Bí òkun bá ń bọ̀, ọ̀nà dí. Bàbá mi kò ní aago, ṣùgbọ́n ó mọ àsìkò òkun bí lèmọ́ọ̀mù ṣe mọ àsìkò ìrun.

Ohun tó mú kí n máa rántí àwọn nǹkan wọ̀nyí ni ọ̀kadà kan tó wà lẹ́yìnkùlé mi fún ìgbà pípẹ́. Ọ̀kadà Mùfútáù ọ̀rẹ́ mi ni. Mùfútáù ti kú. Mo gbà láti tún un ṣe fún ìyàwó rẹ̀, ó sì yẹ kí n gùn ún lọ sí ilé obìnrin náà kí n fà á lé e lọ́wọ́. N kò lè gùn ún. Ẹ jẹ́ kí n kọ́kọ́ sọ ti kẹ̀kẹ́ ná.

Àgbọn ni bàbá mi ń tà. Yóò ra àgbọn lọ́wọ́ àwọn tó ní oko sí apá ìsàlẹ̀ lọ́hùn-ún, yóò dì í sínú àpò, yóò so ọ̀kan mọ́ ọ̀tún kárìà, yóò so èkejì mọ́ òsì, yóò sì gba etí omi bọ̀ wá sílé. Èmi a jókòó sórí irin tó wà láàárín kẹ̀kẹ́. Irin náà a máa dùn mí ní ìdí, ṣùgbọ́n n kò jẹ́ sọ, nítorí pé ẹni tó bá ráhùn, ẹsẹ̀ ni yóò fi rìn lọ́jọ́ kejì. Atẹ́gùn òkun a máa fẹ́ sí mi lójú. Bí mo bá fi ahọ́n kan ètè, iyọ̀ ni mo máa ń tọ́ wò.

Iyọ̀ yẹn ni ọ̀tá wa. Iyọ̀ òkun kì í dá irin sí, ńṣe ló ń mú un dípẹtà. Bí a bá ti délé báyìí, kí n tó fẹnu kan nǹkan kan, mo gbọ́dọ̀ fa omi kànga, kí n fi fọ kẹ̀kẹ́ láti háńdù dé táyà, kí n fi àkísà nù ún, kí n wá fi àdín àgbọn díẹ̀ pa ṣéènì rẹ̀. Láti ibi tí mo ti ń fọ̀ ọ́ ni mo ti máa ń gbọ́ òórùn ẹja tí ìyá mi ń dín, tí mo máa ń gbọ́ bí Àǹtí Rìsí ẹ̀gbọ́n mi ṣe ń da omi sí gàrí, tó sì ń ha àgbọn sí i. Ìyá mi a ní kí n yára. Bàbá mi a ní kí n má yára. Bí mo bá ní mo ti parí, bàbá mi yóò dìde, yóò fi ìka kan fa irin kẹ̀kẹ́, yóò sì tọ́ ìka náà lá. Bí ó bá rí iyọ̀ níbẹ̀, kò ní bínú, kò ní pariwo. Yóò kàn nawọ́ sí ẹ̀gbẹ́ ògiri. Èmi náà á lọ kúnlẹ̀, màá gbé ọwọ́ méjèèjì sókè, màá sì máa wo Àǹtí Rìsí bó ṣe ń jẹ ìrù ẹja tèmi.

Òfin kan wà tí bàbá mi kì í yí padà: ẹni tí kò bá lè tú kẹ̀kẹ́ palẹ̀ kó sì tò ó padà, kò gbọdọ̀ gùn ún. Nígbà tí àwọn ọ̀rẹ́ mi ti ń gun kẹ̀kẹ́ bàbá wọn kiri, èmi wà lórí ẹní, tí mo ń to nọ́ọ̀tì sínú àwo. Ní ìgbà àkọ́kọ́ tí mo tò ó tán, nọ́ọ̀tì kan ṣẹ́ kù sí mi lọ́wọ́. Mo rò pé bàbá mi kò rí i. Ó ní, "Ẹni tó ṣe kẹ̀kẹ́ yìí kò fi èlé kankan sí i o. Tú u." Mo tún tú u.

Ọjọ́ tó wá gbà fún mi, ẹsẹ̀ mi kò gùn tó láti gba orí irin. Bí gbogbo wa ṣe ń ṣe nígbà yẹn ni mo ṣe é: mo ki ẹsẹ̀ kan gba abẹ́ irin bọ́ sí òdìkejì, mo wọ́ ara sí ẹ̀gbẹ́ kan, mo sì ń tẹ pẹ́dà ní ìdajì ìdajì. Àǹtí Rìsí rẹ́rìn-ín títí ó fi jókòó sílẹ̀. "Ẹ wá wo akàn o! Akàn ń gun kẹ̀kẹ́!" Akàn ni wọ́n ń pè mí ní àdúgbò fún ìgbà pípẹ́ lẹ́yìn ìyẹn. Kò dùn mí. Mo ti gun kẹ̀kẹ́.

Ní àárọ̀ ọjọ́ kan, ariwo ṣéènì kẹ̀kẹ́ sú ìyá mi. Kò bi ẹnikẹ́ni léèrè. Ó gbé epo pupa, ó sì dà á sí ṣéènì náà dáadáa. Ẹ̀yin tí ẹ mọ etí òkun ti mọ ohun tó máa ṣẹlẹ̀. Epo pupa a máa gbá iyanrìn jọ, iyanrìn a sì máa jẹ irin. Nígbà tí èmi àti bàbá mi ń bọ̀ láti oko àgbọn, tí ẹrù kún kẹ̀kẹ́, ṣéènì já. Ní ọ̀tún wa, òkun ti ń padà bọ̀. Ní òsì wa, iyanrìn gbígbẹ ni, tí kò ṣeé ti kẹ̀kẹ́ ẹlẹ́rù gbà. Mo bẹ̀rẹ̀ sí í sunkún. Mo ní ká sá, ká fi àgbọn sílẹ̀. Bàbá mi bẹ̀rẹ̀ mọ́lẹ̀, ó fi òkúta àti ìṣó yọ ojú ṣéènì tó bàjẹ́, ó sì ní kí n di ìdí kejì mú ṣinṣin. Omi kan wá, ó gba ọrùn ẹsẹ̀ wa kọjá. Ọwọ́ bàbá mi kò gbọ̀n. Ó ní, "Ọwọ́ tó bá níṣẹ́ ṣe, ẹ̀rù kì í rí ibi dì mú níbẹ̀." Mo di ṣéènì náà mú. Lóòótọ́, kí ó tó so ó pọ̀ tán, ẹkún mi ti dá.

Nígbà tí a délé, tí ìyá mi gbọ́ ohun tó ṣẹlẹ̀, ó káwọ́ lérí. "Bàbá Rìsí, mo rò pé oore ni mo ń ṣe." Bàbá mi ní, "Oore ni. Ata àti iyọ̀ ló kù kí o fi sí i, ká sì máa jẹ ẹ́."

Mo dàgbà, mo di kápẹ́ńtà. Wọ́n ta ilẹ̀ oko àgbọn fún àwọn tó ń kọ́lé, àwa náà sì ṣí lọ sí apá Ìbẹ̀jú, níbi tí iṣẹ́ wà. Ibi iṣẹ́ kan ní Lẹ́kkí Free Zone ni mo ti pàdé Mùfútáù. Ọmọ Ìwó ni, kápẹ́ńtà bíi tèmi, ẹnu rẹ̀ kì í sì í sinmi. Bí mo bá fi ìka kan irin ọ̀kadà rẹ̀, yóò ní, "Ẹ̀yin ará etí omi yìí, ẹ má lá ọ̀kadà mi o, kì í ṣe ẹja." Ọ̀kadà yẹn la fi ń lọ síbi iṣẹ́ tá a fi ń bọ̀. Lọ́jọ́ kan, a ń bọ̀ wálé, òun ló ń gùn ún, èmi wà lẹ́yìn. Típà kan tó kó iyanrìn yà sọ́dọ̀ wa lójijì. N kò ní sọ jù bẹ́ẹ̀ lọ. Nígbà tí mo fi máa lajú ní ilé ìwòsàn, wọ́n ti sin Mùfútáù.

Nígbà tí egbò mi san, ìyàwó rẹ̀, ìyá Kúdí, wá bá mi. Oúnjẹ ló ń sè fún àwọn bíríkìlà. Láti ìgbà tí ọkọ rẹ̀ ti kú, orí ló fi ń ru ìkòkò ìrẹsì gba ẹ̀gbẹ́ títì kan náà yẹn lójoojúmọ́, tí atẹ́gùn tírélà tó ń kọjá ń fẹ́ ẹ. Ó ní, "Ẹ̀gbọ́n, ẹ̀yin lẹ mọ ọ̀kadà yìí. Ẹ bá mi tún un ṣe, kí àbúrò mi lè máa fi gbé oúnjẹ lọ fún mi. Ọrùn ń dùn mí."

Mo tún un ṣe. Mo na háńdù, mo pààrọ̀ wíìlì iwájú, mo fọ kabúrétọ̀, mo fi púlọ́ọ̀gì tuntun sí i. Mo fi ẹsẹ̀ ta á, ẹ́ńjìnì rẹ̀ sì dún. Ṣùgbọ́n bí mo bá ti jókòó lé e, mo máa ń gbọ́ nǹkan kan tó ń kan irin nínú rẹ̀, kó, kó, kó. Màá pa á, màá tún tú u. Ní ìrọ̀lẹ́ ọjọ́ kejì, màá tún gbọ́ ọ. Àbúrò ìyá Kúdí wá gbà á, mo ní rárá. Ẹni tó tún nǹkan ṣe ló gbọ́dọ̀ kọ́kọ́ gùn ún lójú títì, kí ó tó gbé e fún ọmọ ọlọ́mọ. Òótọ́ ni mo sọ. Ìyàwó mi ní, "Ọ̀kadà yìí ti wẹ̀ ju àwọn ọmọ yín lọ." Ìyá Kúdí a máa pe fóònù.

"Ẹ̀gbọ́n, ẹ kú iṣẹ́ o. Ṣé ó ti ṣetán?"

"Ó ku díẹ̀. Mo ń gbọ́ nǹkan kan nínú rẹ̀."

"Kí lẹ ń gbọ́?"

Mo ní màá padà pè é, mo sì tún mú sípánà.

Ọ̀dọ̀ mi ni bàbá mi ń gbé báyìí. Ojú rẹ̀ ti ń ṣe bàìbàì, ṣùgbọ́n etí rẹ̀ mú. Ní àárọ̀ ọjọ́ Sátidé kan, ó jáde sí ẹ̀yìnkùlé, ó ní, "Ta á kí n gbọ́." Mo ta á. Ó tẹ orí sí i, ó gbọ́ ọ pẹ́.

"Kí lò ń gbọ́?"

"Nǹkan kan ń kan irin, Bàbá."

"Àyà rẹ lò ń gbọ́ yẹn. Kò sí ohun tó ń ṣe ọ̀kadà." Ó gbé orí kúrò lára rẹ̀. "Mo ní kí o kọ́ títú kí o lè gùn ún. N kò ní kí o máa tú u kí o má baà gùn ún."

Ó wọlé, ó dé fìlà, ó jáde, ó sì di ìjókòó ọ̀kadà mú. "Gbé mi lọ kí ìyàwó Mùfútáù."

"Bàbá, ẹ ti dàgbà ju ọ̀kadà lọ."

"Kí ni n kò tíì dàgbà jù? Bí a bá ṣubú, èmi ti lo ayé tèmi. Ìwọ ni kí o ṣọ́ra."

Ìyàwó mi pariwo láti ilé ìdáná pé, "Bàbá, ẹ̀yin àti ta ló ń lọ síbo?" Bàbá mi ní, "Èmi àti dẹ́rẹ́bà mi ni."

Bí a ṣe lọ nìyẹn. Ẹ̀gbẹ́ títì ni mo gbà, n kò sáré. Bí tírélà bá fọn fèrè lẹ́yìn wa, màá dúró, màá fi ẹsẹ̀ méjèèjì tẹlẹ̀ títí yóò fi kọjá.   Bàbá mi di ìbàdí mi mú. Nígbà tí a dé ibi tó ti ṣẹlẹ̀, kò sí àmì kankan níbẹ̀. Koríko ti hù, obìnrin kan sì tẹ́ omi inú ọ̀rá síbẹ̀, ó ń tà. Mo dúró. Bàbá mi ṣí fìlà, ó ṣàdúà fún òkú, ó ní kí n máa lọ.

Iwájú ilé ni ìyá Kúdí wà, ó kọ ẹ̀yìn sí ọ̀nà, ó ń fọ ìkòkò. Bí a ṣe yà wọlé, ọwọ́ rẹ̀ dúró. Ó dìde, ṣùgbọ́n kò yíjú. Mo nawọ́ kí n pa ẹ́ńjìnì.

Ó ní, "Ẹ má tíì pa á, Ẹ̀gbọ́n."

Mo fi í sílẹ̀.

"Mo mọ̀ pé kì í ṣe òun. Ẹ jẹ́ kí n gbọ́ ọ díẹ̀ sí i."

Bàbá mi àti èmi jókòó lórí ọ̀kadà, a kò sọ̀kalẹ̀. Nígbà tó yá, ó fi ìborùn nu ojú, ó yíjú padà, ó sì kúnlẹ̀ kí bàbá mi. Mo pa ẹ́ńjìnì. Bọ́ọ̀sì ni èmi àti bàbá mi wọ̀ padà sílé.

Ayé ìgbà yẹn kò rọrùn, ẹ má jẹ́ ká tan ara wa jẹ. Ebi wà, ìyà wà. Ṣùgbọ́n a mọ ibi tí ewu yóò gbà wá, a sì mọ àsìkò rẹ̀. Lóde òní, àwọn ọmọ ń gun kẹ̀kẹ́ aláràbarà nínú ọgbà ilé bíi Abraham Adésànyà, wọ́n dé akoto, wọ́n ń yí po lójú kan, inú mi sì ń dùn pé wọ́n wà nínú ọgbà. Lóde ọgbà, títì ti wà, ó dán, ó fẹ̀, kò sì sí àgbàlagbà kan tó lè jókòó sọ fún ọmọ rẹ̀ pé ìgbà báyìí ló dára láti kọjá. Ẹ̀rù ṣì ń bà mí. Ṣùgbọ́n ọrùn ìyá Kúdí ti sinmi. Ní ọ̀sán, níbi iṣẹ́, a máa ń gbọ́ ìró ọ̀kadà yẹn kí a tó rí i, tí àbúrò rẹ̀ so ìkòkò mọ́ ẹ̀yìn rẹ̀. Gbogbo bíríkìlà á dìde pẹ̀lú abọ́ lọ́wọ́. Èmi kì í tètè dìde. Mo máa ń dúró kí ó pa ẹ́ńjìnì ná.