Ọjọ́ Tí Wọ́n Pe Bàbá Mi Ní Adàlúrú

Bí iṣu bá jó lórí iná ọmọ mi, mo máa ń rántí ọ̀sán ọjọ́ kan ní Kambolé, ìlú wa, láyé tí àwọn Jámánì ń ṣèjọba lé wa lórí. Bàbá mi ti fi ọfà lé àwọn tó wá fi tipátipá kó èèyàn lọ ṣe ọ̀nà Sokodé. Sójà dé, wọ́n sun àká iṣu wa, wọ́n de Bàbá lókùn.

Ògbufọ̀ wọn kígbe pé, "Adàlúrú ni! Ó ń dẹ́rù ba ará ìlú!"

Mo rò pé wọ́n ṣì í mú ni, torí adìẹ ilé wa pàápàá kì í sá fún un.

"Ìyá, ta ni Bàbá dẹ́rù bà?"

Ìyá nàka sí ògbufọ̀. "Bi í. Kó sọ ẹni tó dáná sun oúnjẹ ọmọdé."

Ògbufọ̀ yíjú sí àwọn sójà, ó ní kí wọ́n máa mú Bàbá lọ.

Mo ti dàgbà kí n tó gbọ́ pé wọ́n yẹgi fún Bàbá.

Lọ́jọ́ náà, Ìyá fà mí lọ́wọ́, a tẹ̀lé wọn dé etí ìlú, à ń ṣépè fún wọn lójú wọn kòrókòró.