Ebi Tó Pa Alàgbà Hadley

Meleane kì í fi ọ̀rọ̀ náà pamọ́ fún ẹnikẹ́ni pé òun ló ń bọ́ àwọn ìránṣẹ́ Ọlọ́run. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ létí òkun, yóò sọ fún yín. Bí ẹ bá pàdé rẹ̀ nílé òkú, yóò sọ ọ́ kí ó tó nu omijé.

"Ẹ wo ọrùn Alàgbà Hadley," ni í máa ń wí. "Ṣé kò ti ń ki? Ọwọ́ mi nìyẹn!"

Ọrùn tí ó ń wí yìí kò yàtọ̀ sí ti lékeléke. Alàgbà ni ìjọ wa ń pe àwọn ọ̀dọ́ oníwàásù; ọmọ ọdún mọ́kàndínlógún péré ni eléyìí, Amẹ́ríkà ni wọ́n ti rán an wá sí Vava'u, erékùṣù wa ní Tonga, láti wàásù. Alàgbà Vea, ọmọ Tonga bíi tiwa, ni wọ́n so pọ̀ mọ́ ọn kí ó máa bá a tún èdè ṣe. Ìjọ ló ń kó ẹran agolo fún Meleane láti fi se oúnjẹ àwọn méjèèjì. Obìnrin náà yóò bu omi àgbọn sí ẹran yìí, yóò fi ewé kókò dì í, yóò sì bò ó sínú ààrò ilẹ̀. Ṣùgbọ́n ìdì tirẹ̀ nìkan ni ẹran máa ń wà nínú rẹ̀. Èyí tó bá dé ọ̀dọ̀ àwọn alàgbà, ìgbàgbọ́ ni wọ́n fi ń jẹ ẹran ibẹ̀, wọn kì í fojú rí i.

Ó di ọjọ́ Ìsinmi ààwẹ̀, ọjọ́ tí ẹnikẹ́ni tí ọkàn rẹ̀ bá gbé sókè lè dìde jẹ́rìí. Baba Folau ló kọ́kọ́ dìde. Ó ròyìn bí ẹ́ńjìnnì ọkọ̀ rẹ̀ ṣe kú lójú agbami, ọjọ́ méjì ni ìgbì fi gbé e kiri, orin ìjọ ló ń kọ kí orí rẹ̀ má baà dàrú. Kò tíì sọ ọ́ tán tí gbogbo ilé fi ń sunkún. Meleane pàápàá fi etí ẹní híhun tí a máa ń ró mọ́ ìdí wá sílé ìjọsìn nu ojú.

Ni Alàgbà Hadley bá dìde, omi ti lé ròrò lójú òun náà. Inú rẹ̀ dùn, ó sì fẹ́ wí bẹ́ẹ̀. Lédè wa, "fiefia" ni inú dídùn, "fiekaia" sì ni ebi. Lẹ́nu òyìnbó, ìbejì ni wọ́n.

"Ẹ̀yin ará mi," ó fọwọ́ lé àyà, "ebi ń pa mí. Láti ọjọ́ tí mo ti dé erékùṣù yìí lebi ti ń pa mí. Bí mo bá jí láàárọ̀, ebi! Bí mo bá sì ti rí ojú Màmá Meleane, ebi náà a tún le sí i!"

Gbogbo ìjọ dorí kodò. Èjìká ń mì, omijé ẹ̀rín ń dà. Ọmọ òyìnbó rí omijé, ó rò pé Ẹ̀mí ti bà lé wọn, ó bá gbóhùn sókè: "Mo bẹ Ọlọ́run kí ebi yìí pa ẹ̀yin náà!"

"Àmín," ni Baba Folau wí, ẹni tí kò tíì fẹnu kan nǹkan láti àná.

Meleane fò dìde. "Irọ́ ni! Ṣé kì í ṣe Ọjọ́bọ̀ ló jẹ ìdì mẹ́ta? Iṣu ńkọ́? Kókò ńkọ́?"

Lupe, àbúrò olóògbé ọkọ rẹ̀, dá a lóhùn láti ẹ̀yìn: "Ìyàwó wa, ẹran ńkọ́?"

"Ẹran wà níbẹ̀!"

"Ta ló rí i?"

Bíṣọ́ọ̀bù tó ń darí ìjọ wá yíjú sí Alàgbà Vea. "Ẹ̀yin lẹ jọ ń gbé. Ṣé kì í ṣe pé inú rẹ̀ ń dùn ló fẹ́ sọ?"

Vea wolẹ̀. Oṣù mẹ́rin ni òun náà ti ń jẹ ewé. "Bíṣọ́ọ̀bù," ó wí jẹ́ẹ́jẹ́ẹ́, "ta lèmi, tí n ó máa tún ọ̀rọ̀ tí Ẹ̀mí fi sí i lẹ́nu ṣe?"

Wọn kò tíì ṣínu ààwẹ̀ tí Lupe ti gbé ọmọ ẹlẹ́dẹ̀ sísun dé ilé àwọn alàgbà. Ẹja tẹ̀ lé e, adìyẹ tẹ̀ lé ẹja. Hadley kọ̀wé sí ìyá rẹ̀ pé òun ti gbọ́ èdè náà débi pé gbogbo ìjọ sunkún nígbà tí òun sọ̀rọ̀, ìfẹ́ wọn kò sì jẹ́ kí òun rí ibi fi oúnjẹ sí.

Ọ̀sẹ̀ kejì, Meleane kó agolo ẹran tó kù lábẹ́ ibùsùn rẹ̀ jáde, ó fi gbogbo rẹ̀ di ìdì kan tó wúwo bí òkúta. Ó bá àwọn alàgbà níbi tí wọ́n nà gbalaja sí, ikùn wọn le. Vea ní òun kò lè jẹ ẹ́. Hadley wo ojú obìnrin náà, ó jókòó, ó bẹ̀rẹ̀ sí í jẹ. Òógùn bò ó, síbẹ̀ ó jẹ ẹ́ tán, ó sì lá ewé.

"Màmá," ó wí, "ìyá mi kò mọ̀ ọ́n sè tó báyìí."

Meleane kó ewé náà, ó kọrí sílé. Ọjọ́ náà ló kọ́kọ́ wọ̀ ọ́ lára pé ọmọ ọlọ́mọ ni èyí, tí ìyá rẹ̀ wà lókè òkun tó ń retí ìwé. Ó sunkún díẹ̀ lójú ọ̀nà, ẹkún gidi. Nígbà tó fi máa dé ìdí igi gbẹ̀rẹ̀fútù ó ti nu ojú, ó sì ń sọ fún Baba Folau pé Lupe kì í fi iyọ̀ sí ẹlẹ́dẹ̀.